Ọmọ Méjì, Kókó Méjì, Orúkọ Kan

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin dókítà wa, Òṣogbo ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Ọmọ mi obìnrin pé oṣù mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó kọjá. Oṣù rẹ̀ kò pé tí mo fi bí i, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ dá ṣáṣá, kò sì sí àmì kankan lójú rẹ̀. Ó tó bí ọjọ́ mẹ́wàá kí a tó rí ohun pupa kékeré kan lábẹ́ ojú rẹ̀ ọ̀tún. A rò pé ẹ̀fọn ló jẹ ẹ́. Ohun náà kò lọ. Ńṣe ló ń ga sí i, tó ń pọ́n sí i. Ní báyìí ó ti tó èékánná àtàǹpàkò àgbà, ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ sì ti wú débi pé ojú ọ̀tún kì í là tán bíi ti òsì.

Nọ́ọ̀sì tó ń gún wọn lábẹ́rẹ́ àjẹsára ní hemangioma ni, pé kí n fi í sílẹ̀, yóò lọ fúnra rẹ̀. Ohun tó ń já mi láyà ni pé ohun tí wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n mi náà nìyẹn ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti wú, tó sì dúdú bí aró. Hemangioma ni wọ́n kọ sínú fáìlì rẹ̀, wọ́n ní kó tó bẹ̀rẹ̀ iléèwé yóò ti lọ. Ọmọ ti wà ní Primary 4 báyìí, ètè ò lọ. Bó bá sunkún tàbí tó bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀, ó máa ń wú sí i. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sì ti fún un ní ìnagijẹ kan tí mi ò ní kọ síbí.

Ìyá ọkọ mi ní oòrùn ọ̀sán tí mo ń rìn nígbà tí mo lóyún ló fà á, pé ẹnì kan wà tó lè sín gbẹ́rẹ́ yí i ká kí ẹ̀jẹ̀ burúkú lè jáde. Dókítà kan ní ká lọ ṣe síkáànì. Ibi tí a lọ ní CT ló dára jù, iye tí wọ́n sì pè ju owó oṣù mi lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé jẹjẹrẹ ni? Ṣé ẹ̀rọ kò ní ba ojú ọmọ mi jẹ́? Ṣé bí ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe rí ni tèmi náà yóò ṣe rí?

Ìyá Ìbùkún, Òṣogbo

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbùkún, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú àìsùn. Ọlọ́run yóò wò ó dàgbà.

Kí a tó dé orí ẹ̀rọ àti owó, ohun kan wà nínú lẹ́tà yín tó kánjú ju gbogbo ohun tí ẹ béèrè lọ: ojú ọ̀tún tí kì í là tán. Ọpọlọ ọmọ ọwọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń ríran ni. Bí ìpéǹpéjú bá bo ẹyinjú kan, tàbí tí kókó bá ń tẹ ẹyinjú náà, ọpọlọ yóò gbára lé ojú kejì, yóò sì pa èyí tí kò ríran kedere tì. Ojú tí ọpọlọ bá ti pa tì báyìí lè má ríran dáadáa mọ́ láéláé, kódà bí kókó náà bá padà pòórá. Nọ́ọ̀sì yín kò purọ́. Ọ̀pọ̀ irú kókó yìí ló ń lọ fúnra wọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn náà kò bá kókó tó wà lẹ́nu ìpéǹpéjú mu. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó ní dókítà ojú àti dókítà ọmọdé kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ kò jìnnà sí yín, UCH Ìbàdàn náà wà níbẹ̀.

Nípa jẹjẹrẹ, ọ̀nà tí kókó ọmọ yín gbà wá kò jọ ti jẹjẹrẹ rárá. Awọ ọmọ mọ́ nígbà ìbí, àmì pupa yọ kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ó wá ń dàgbà kíákíá, ọmọ náà jẹ́ obìnrin, oṣù rẹ̀ kò sì pé. Bí mo bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan ṣàpèjúwe hemangioma ọmọ ọwọ́ fún mi nínú ìdánwò, ohun tí ẹ kọ yìí ni máa fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ bá mi kí ìyá ọkọ yín dáadáa. Kì í ṣe Òṣogbo nìkan ni wọ́n ti ń wá ẹ̀bi sọ́rùn aboyún. Ní ilẹ̀ Yúróòpù láyé àtijọ́, wọ́n gbà pé bí èso pupa bá wu aboyún tí kò sì rí i jẹ, àmì pupa yóò hàn lára ọmọ rẹ̀. Oòrùn ò fa èyí, oúnjẹ ò fà á, ohun tí ẹ wò ò fà á. Gbẹ́rẹ́ ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé abẹ sún mọ́ ọn. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ló kún inú kókó yẹn fọ́fọ́. Ẹ̀jẹ̀ tí yóò jáde kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ burúkú, ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín ni, ọmọ oṣù mẹ́ta kò sì ní ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ tó láti fi ṣòfò.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n yín. Mi ò tíì fojú rí i, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ sọ nípa rẹ̀ mú kó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú pé kò ní hemangioma láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Orúkọ ni wọ́n fún un lọ́nà àìtọ́, orúkọ yẹn ló sì jẹ́ kó jókòó de ohun tí kò ní ṣẹlẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án.

Ìṣòro yìí ti pẹ́. Ní ọ̀rúndún 19, Rudolf Virchow, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì tó máa ń fi awò amúǹkan-tóbi yẹ ẹran ara wò, pe gbogbo wúlé tí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá kún inú rẹ̀ ní angioma, ó wá pín in gẹ́gẹ́ bí inú rẹ̀ ṣe rí. Láti ìgbà náà ni àwọn dókítà ti ń fi hemangioma pe ohun gbogbo: èyí tó ń lọ àti èyí tí kì í lọ, èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń sáré nínú rẹ̀ àti èyí tí ẹ̀jẹ̀ dúró sí. Ọdún 1982 ni John Mulliken àti Julie Glowacki ní Boston, ní Amẹ́ríkà, tó béèrè ìbéèrè tó yàtọ̀: ṣé awọ inú iṣan wọ̀nyí ń pọ̀ sí i ju bó ṣe yẹ lọ ni, àbí kò pọ̀ sí i, bí iṣan náà ṣe mọ láti inú oyún ni kò dára? Ìbéèrè yẹn ló pín ilé náà sí méjì. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ àgbáyé tó ń jẹ́ ISSVA gba ìpín náà wọlé ní Róòmù lọ́dún 1996, wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ lójú ní 2014 àti 2018. Síbẹ̀, mo ṣì ń gba fọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ "hemangioma" sí fún ọmọ ọdún méjìlá tí apá rẹ̀ ti wú láti ìbí. Ó máa ń bí mi nínú.

Ìdílé àkọ́kọ́ ni ti kókó tó ń hù. Hemangioma ọmọ ọwọ́ ni olórí wọn. Kì í sábà hàn lọ́jọ́ ìbí. Bó bá hàn rárá, àmì fẹ́ẹ́rẹ́ lásán ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ 5 sí 8 ló máa ń sáré dàgbà jù lọ. Nígbà tí ọmọ bá fi tó oṣù márùn-ún, púpọ̀ nínú ìdàgbà yẹn ti parí. Lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, tí pupa rẹ̀ yóò máa di eérú láti àárín wá, tí yóò sì máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ọmọ yóò fi tó bí ọdún mẹ́rin. Ó lè fi awọ tó hunjọ tàbí ọ̀rá díẹ̀ sílẹ̀.

Ìdílé kejì ni ti iṣan tí kò mọ bó ṣe yẹ láti inú oyún. Èyí kì í sáré hù, kì í sì í lọ. Bí ọmọ bá ṣe ń dàgbà ni òun náà ń bá a dàgbà, ó sì lè ṣàdédé tóbi sí i nígbà ìbàlágà, tàbí bí ibẹ̀ bá fara pa. Irú iṣan tí ọ̀rọ̀ kàn la fi ń pè é. Iṣan tín-ín-rín abẹ́ awọ lè jẹ́, èyí tó máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ lórí awọ. Iṣan àbọ̀ lè jẹ́, ìyẹn èyí tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn. Iṣan omi-ara lè jẹ́, tó máa ń di àpò omi lọ́rùn tàbí lábíyá. Èyí tó le jù ni kí iṣan àlọ, èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti ọkàn, já tààrà sínú iṣan àbọ̀: ibẹ̀ máa ń gbóná, bí ẹ bá gbé ọwọ́ lé e, yóò máa gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ yín.

Ètè tó dúdú bí aró láti ìbí, tó rọ̀, tó ń wú bí ọmọ bá sunkún tàbí tó bẹ̀rẹ̀: iṣan àbọ̀ nìyẹn. Bíi kànrìnkàn tó mu omi ló rí nínú. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ yóò sá kúrò, bí ẹ bá gbọ́wọ́ kúrò, yóò tún kún padà. Ẹ̀gbọ́n yín lè dán an wò lálẹ́ òní bí ọmọ bá dùbúlẹ̀ tó gbé orí sókè lórí ìrọ̀rí: ètè yóò fẹ́lẹ́ díẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ síkáànì, nítorí iṣẹ́ mi nìyẹn. Síkáànì tí dókítà ní kí ẹ ṣe, irú èyí tí wọ́n ṣe fún yín nígbà oyún ni. Kò ní ìtànṣán kankan. Ohùn ló ń lò, ohùn tó ga kọjá ohun tí etí ọmọ ènìyàn lè gbọ́, ó ń rán an wọ inú ara, ó sì ń fi ìró tó padà wá ya àwòrán. Kò ní ba ojú ọmọ jẹ́. Ọmọ kò nílò oògùn oorun, ẹ lè máa fún un lọ́mú lọ́wọ́ bí a ṣe ń ṣe é. Kódà mo fẹ́ bẹ́ẹ̀, torí ọmọ tó ń mu ọmú kì í ta pá.

Ohun tí a kọ́kọ́ ń wò ni pé, ṣé ẹran wà níbẹ̀ ni àbí iṣan lásán? Nínú hemangioma tó ń dàgbà, a máa ń rí kókó gidi tó ní ààlà, ẹran sì kún inú rẹ̀. A ó wá tan Doppler, èyí tó ń fi àwọ̀ han bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rìn. Àwọ̀ pupa àti búlúù tí ẹ ó rí lórí tẹlifíṣọ̀n ẹ̀rọ náà kì í ṣe àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ o. Ọ̀kan ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀ wá sápá ibi tí a gbé ẹ̀rọ lé, èkejì ń sọ pé ó ń lọ. Bó bá jẹ́ hemangioma ni, àwọ̀ yóò kún gbogbo kókó náà. Ìwádìí kan tí Josée Dubois àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde láti Montréal lọ́dún 1998 fi hàn pé bí iṣan bá lé ní 5 nínú sẹ̀ǹtímítà kan ní ìbú àti òró, tí ẹ̀jẹ̀ iṣan àlọ sì ń sáré nínú wọn, ọ̀rọ̀ hemangioma ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yanjú.

Ti ọmọ ẹ̀gbọ́n yín yóò yàtọ̀ pátápátá. Kò ní sí ẹran gidi níbẹ̀, àwọn àyè dúdú dúdú la ó rí, tí wọ́n ń pàdé tí a bá fi orí ẹ̀rọ tẹ̀ wọ́n. Bí a bá tan Doppler, ó lè jọ pé ẹ̀jẹ̀ ò rìn rárá, àfi tí a bá tẹ̀ ẹ́ tí a sì jọ̀wọ́ rẹ̀, tàbí tí a ní kí ọmọ di èémí rẹ̀ mú kó fi ikùn tì í. Nígbà míì a máa ń rí òkúta wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó dì tó sì gan ni. Bí ẹ bá rí òkúta yẹn lára ọmọ, ìdílé iṣan àbọ̀ ló ti wá. Àpò omi-ara ní tirẹ̀ máa ń ṣófo dúdú, kò ní sí àwọ̀ nínú rẹ̀ bí kò ṣe lára ògiri rẹ̀. Èyí tí iṣan àlọ já sínú iṣan àbọ̀ kì í ní kókó kankan, iṣan tó lọ́ mọ́ra wọn ni ṣáá, ariwo Doppler rẹ̀ sì máa ń gba gbogbo yàrá.

Gbogbo èyí, síkáànì kan ṣoṣo ló ń sọ ọ́, bó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí mi ò fi fara mọ́ CT tí wọ́n pè fún yín. Ìtànṣán X-ray ni CT ń lò, ara ọmọ ọwọ́ sì tètè ń gba ìpalára ìtànṣán ju ti àgbà lọ. CT wúlò bó bá jẹ́ eegun la fẹ́ wò, tàbí bí ọ̀rọ̀ bá di pàjáwìrì tí kò sí ohun mìíràn nítòsí. Kókó abẹ́ ojú ọmọ oṣù mẹ́ta kọ́ ni ẹ ó tìtorí rẹ̀ ná owó oṣù yín. Ẹ fi owó yẹn wọkọ̀ lọ sí ibi tí dókítà tó mọ síkáànì ọmọdé wà.

MRI ńkọ́? Òun náà kò ní ìtànṣán, agbára òòfà ló ń lò. Fún ọmọ yín, ó lè má pọn dandan, àfi bí síkáànì bá fi hàn pé kókó náà wọnú kòtò ojú lọ síbi tí a kò ti lè rí òpin rẹ̀, tàbí bí àmì náà bá fẹ̀ kọjá sẹ̀ǹtímítà 5 lójú. Hemangioma tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lójú ọmọ lè ní ìṣòro inú ọpọlọ, iṣan ọrùn àti ọkàn lẹ́yìn, àkójọ tí àwọn dókítà ń pè ní PHACE. Ti ọmọ yín kò tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín gan-an ni mo fẹ́ kó ṣe MRI. Ètè tí a ń rí lè jẹ́ orí nìkan, kí ìdí rẹ̀ wà nínú ahọ́n tàbí ní ọ̀nà ọ̀fun. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lè dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ láìsí oògùn oorun bí wọ́n bá ṣàlàyé ariwo ẹ̀rọ náà fún un ṣáájú.

Bí ẹ bá ń lọ síbi síkáànì, ẹ kó gbogbo fọ́tò tó wà lórí fóònù yín dání, láti ọjọ́ ìkómọ títí di òní. Fọ́tò tí ọjọ́ rẹ̀ hàn máa ń sọ fún mi nígbà míì ju ohun tí ẹ̀rọ sọ lọ. Ẹ sì ní kí dókítà kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé kókó náà kò sí lọ́jọ́ ìbí. Bí èsì bá jáde tó jẹ́ "wúlé oníṣan" nìkan ni wọ́n kọ, láìsọ bóyá ẹran wà nínú rẹ̀, láìsọ bóyá ẹ̀jẹ̀ ń sáré tàbí ó ń rọra lọ, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù béèrè. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Kí n bá àwọn ìyá mìíràn tó ń kà á sọ̀rọ̀ díẹ̀. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, hemangioma tó wà nísàlẹ̀ awọ lè má pọ́n rárá, ó lè kàn wú kó sì dúdú bí aró díẹ̀, nítorí náà ẹ má fi pupa nìkan wá a. Ọmọ tó bá ní márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lára nílò síkáànì ẹ̀dọ̀. Èyí tó bá yọ síbi tí irùngbọ̀n máa ń wà, tí ọmọ sì ń mí pẹ̀lú ariwo, kí wọ́n gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an, torí òmíràn lè wà nínú ọ̀nà ọ̀fun. Bákan náà ni kókó tó le, tó ní àwọ̀ elése àlùkò, tí awọ tó yí i ká sì ń ṣẹ̀jẹ̀ sínú: ìyẹn lè máa gbé èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì jẹ tán nínú ara ọmọ. Àmì tó tẹ́ pẹrẹsẹ láti ìbí níwájú orí tàbí lórí ìpéǹpéjú òkè kì í ṣe hemangioma. Ó lè bá gìrì àti àìsàn ojú rìn, ẹ jẹ́ kí dókítà ojú àti ti ọpọlọ rí i.

Ìtọ́jú wá ńkọ́? Orúkọ tó tọ́ ló ń tọ́ka sí i. Fún ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, oògùn tí ń ṣiṣẹ́ fún hemangioma kò ní ràn án. Ohun tí a sábà ń ṣe ni pé a ó fi síkáànì tọ́ abẹ́rẹ́ sọ́nà wọ inú àwọn àyè yẹn, a ó fi oògùn tó ń mú wọn lẹ̀ pọ̀ síbẹ̀, kì í sì í ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Iṣẹ́ abẹ lè tẹ̀ lé e. Kò dájú pé gbogbo rẹ̀ yóò lọ, ṣùgbọ́n ètè lè dín kù dé ibi tí ọmọ yóò fi lè gbàgbé rẹ̀. Kí ẹ̀gbọ́n yín gbé e wá.

Fún ọmọ yín, oògùn wà. Propranolol ni, oògùn ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti wà tipẹ́. Ní Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé, Christine Léauté-Labrèze àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún ọmọ kan ní oògùn yìí nítorí àìsàn ọkàn, ni wọ́n bá rí i pé hemangioma rẹ̀ ń ṣá. Wọ́n kéde rẹ̀ lọ́dún 2008. Nínú ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2015, ìwọ̀n 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ tó lo oògùn náà fún oṣù mẹ́fà ni kókó wọn lọ tán tàbí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Nínú àwọn tí kò lò ó, ìwọ̀n 4 péré ni. Àkókò tí kókó ṣì ń dàgbà ló ń ṣiṣẹ́ jù, ìyẹn àsìkò tí ọmọ yín wà gan-an.

Ẹ má lọ rà á ní kẹ́míìsì fúnra yín. Wọ́n gbọ́dọ̀ wọn ọmọ, kí wọ́n gbọ́ ọkàn àti èémí rẹ̀, kí wọ́n sì ṣírò ìwọ̀n oògùn, pàápàá fún ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Bí wọ́n bá ti fún yín, ẹ máa rí i pé ọmọ jẹun tàbí mu ọmú kó tó lò ó, torí ó lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ já wálẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá ń bì, tí kò jẹun, tàbí tí àyà rẹ̀ ń han, ẹ má fún un, ẹ pe dókítà yín.